Erìgì tó ń ṣẹ̀jẹ̀: ìgbà wo ló di ti onímọ̀ erìgì?

ỌmọÌyáÒṣogbo

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin dókítà àti ẹ̀yin olùtọ́jú eyín. Ìbéèrè mi kò pọ̀, àmọ́ ìdáhùn tó ní nọ́ńbà nínú ni mo ń wá.

Màmá ẹni ọdún 58 ni. Ó ní ìtọ̀ ṣúgà, HbA1c rẹ̀ (àyẹ̀wò tó ń fi bí ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ ṣe rí láti oṣù méjì sí mẹ́ta hàn) tó kẹ́yìn jẹ́ 8.9%. Ó ń lo amlodipine 10 mg fún ẹ̀jẹ̀ ríru, ó ti tó ọdún mẹ́ta. Erìgì rẹ̀ máa ń ṣẹ̀jẹ̀ tó bá ń fọ ẹnu, ó sì wú láàárín àwọn eyín iwájú, ó ṣù roboto bí ìlẹ̀kẹ̀. Ẹnu ń rùn láàárọ̀. Eyín ìsàlẹ̀ méjì níwájú ti ń mì díẹ̀. Kò dùn ún rárá, ìdí nìyẹn tó fi ń sọ pé kò sí nǹkan kan.

Oṣù mẹ́rin sẹ́yìn ni wọ́n fọ eyín fún un ní ilé ìwòsàn kan. Ẹ̀jẹ̀ dín kù fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ó tún padà dé. Ẹni tó ń ta oògùn ládùúgbò wá fún un ní tetracycline, ó ní kó tú kápúsù náà, kó da ìyẹ̀fun inú rẹ̀ sí erìgì. Mo ní kó má ṣe é. Ṣé mo jàre?

Ṣé kó tún lọ fọ eyín ni, àbí ó ti di ti onímọ̀ erìgì? Báwo la ṣe ń mọ̀? Tó bá sì débẹ̀, kí ni wọ́n máa ṣe fún un gan-an?

Ọmọ-ọmọ rẹ̀ obìnrin, ọmọ ọdún 15, náà ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ èjí láàárín ọdún kan yìí, gbogbo ilé ló ń yọ̀ mọ́ ọn. Ẹnu tirẹ̀ mọ́ tónítóní, mo rò pé ìyẹn kò kan ọ̀rọ̀ yìí.

DókítàEyín_Mọ́kọ́lá

Ẹ jàre o. Kí màmá má da ìyẹ̀fun kápúsù kankan sí erìgì. Ìyẹ̀fun yẹn kan, ó lè bó erìgì bí ìgbà tí omi gbígbóná bá jó o. Aspirin tí àwọn èèyàn máa ń kì sẹ́gbẹ̀ẹ́ eyín ń ṣe bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́, a ń rí ojú egbò funfun tó ń fi sílẹ̀. Yàtọ̀ sí ìyẹn, kò ní ṣiṣẹ́ náà. Àwọn kòkòrò àìfojúrí tó ń ba erìgì jẹ́ kì í dá gbé. Wọ́n ń kóra jọ sára eyín, wọ́n á fi nǹkan yíyọ̀ bo ara wọn. Ẹ wo inú àmù omi tí wọn kò fọ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì: ẹ da omi tuntun sí i lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, ohun yíyọ̀ inú rẹ̀ kò ní kúrò, àfi kí ẹ fi kànrìnkàn ha á. Bẹ́ẹ̀ náà ni tara eyín. Oògùn kì í ráyè wọ inú rẹ̀ dáadáa tí wọn kò bá kọ́kọ́ ha á kúrò.

Ẹ̀jẹ̀ tó ń jáde yẹn ni ọ̀rọ̀ wà. Erìgì tó dára kì í ṣẹ̀jẹ̀ nítorí búrọ́ọ̀ṣì. Ní 1965, Harald Löe àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Aarhus, lórílẹ̀-èdè Denmark, ní kí èèyàn 12 tí erìgì wọn dára dáwọ́ fífọ eyín dúró. Láàárín ọjọ́ 10 sí 21, erìgì gbogbo wọn ti wú. Nígbà tí wọ́n padà sídìí fífọ ọ́, ó lọ sílẹ̀ láàárín bí ọ̀sẹ̀ kan. Ìpele àkọ́kọ́ nìyẹn: erìgì nìkan ló ń ṣàìsàn, ó sì ṣeé wò sàn pátápátá. Ìpele kejì ni ibi tí wíwú náà ti wọ ìsàlẹ̀, tó ti ń jẹ eegun tó di gbòǹgbò eyín mú. Eegun tó bá ti lọ báyìí kì í sábà hù padà fúnra rẹ̀. Ohun tí ìtọ́jú ń ṣe ni pé kó dá a dúró kó má jẹ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìpele kejì yìí kì í sábà dunni. Eyín tó kẹ̀ máa ń ké, erìgì tó ń kú lọ kì í ké, ẹ bá mi sọ ìyẹn fún màmá.

Ojú lásán kò lè fi ìpele kan hàn yàtọ̀ sí èkejì. Wíwọ̀n ni wọ́n ń wọ̀n ọ́n. Irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan la ń lò, orí rẹ̀ ní bọ́ọ̀lù kékeré tí kò ju ìdajì mìlímítà lọ, àmì dúdú sì wà lára rẹ̀ láti 3.5 dé 5.5. A óò ki orí rẹ̀ bọ àárín erìgì àti eyín jẹ́jẹ́. Tí ẹ bá fi irú agbára bẹ́ẹ̀ tẹ èékánná yín, abẹ́ rẹ̀ á kàn funfun díẹ̀ ni. Tí gbogbo àmì dúdú bá ṣì hàn lókè, àpò erìgì ibẹ̀ kò jìn. Tí apá kan rẹ̀ bá wọlé, mìlímítà 4 tàbí 5 ni. Tí dúdú bá pòórá pátápátá, ó ti di 6 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. A ń pín ẹnu sí apá mẹ́fà, a ó sì kọ nọ́ńbà ibi tó burú jù sílẹ̀ fún apá kọ̀ọ̀kan: 0 ni pé ó dára, 1 ni pé ó ṣẹ̀jẹ̀, 2 ni pé òkúta eyín (ìdọ̀tí tó ti gan mọ́ eyín) wà níbẹ̀, 3 ni àpò mìlímítà 4 sí 5, 4 ni 6 sókè.

Ẹ bèèrè nọ́ńbà mẹ́fà yìí lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni tó bá fọ eyín fún màmá. Tí wọn kò bá wọ̀n ọ́n, ohun tó ṣeé ṣe jù ni pé òkè erìgì nìkan ni wọ́n fọ̀, ohun tó wà lábẹ́ ṣì wà níbẹ̀. Ìyẹn ni ẹ̀jẹ̀ fi lọ fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀ tó sì padà dé.

Ní ti ìbéèrè yín gan-an: 1 àti 2, olùtọ́jú eyín tàbí dókítà eyín tó wà nítòsí yín tó o. 3, dókítà eyín lè bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, kó fọ abẹ́ erìgì, kó sì tún wọ̀n ọ́n lẹ́yìn oṣù mẹ́ta. Tó bá ṣì jẹ́ pé ó ń ṣẹ̀jẹ̀, tí àpò náà kò sì dín kù, kó kọ lẹ́tà sí onímọ̀ erìgì. 4 níbikíbi, kí ẹ ti máa ronú onímọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Eyín àgbàlagbà tó ń mì láìsí pé ó ṣubú tàbí pé wọ́n gbá a, eyín tó ń sún kúrò ní ipò rẹ̀, ọyún tó ń jáde tí ẹ bá fi ìka tẹ erìgì, erìgì tó ń hù bo eyín, ẹni tí kò tíì pé ọdún 35 tí eegun rẹ̀ ti ń jẹ: ọ̀kan ṣoṣo nínú wọn tó. Màmá ní méjì tàbí mẹ́ta nínú rẹ̀. Ẹ má tún san owó fífọ òkè eyín mọ́, ẹ lọ rí onímọ̀.

Olùtọ́júEyín_Abẹ́òkúta

Dókítà ti sọ ọ́ tán, àmọ́ kò sí onímọ̀ tó lè ṣe é yọrí tí màmá kò bá yí bó ṣe ń fọ eyín padà nílé. Lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́ ni, ti alẹ́ ló ṣe pàtàkì jù, torí itọ́ máa ń gbẹ lójú oorun.

Búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ ni kó rà. Èyí tó le máa ń sọ erìgì di pípọ́n, á sì máa tì í kúrò lára eyín. Kó dá búrọ́ọ̀ṣì náà sí ẹ̀gbẹ́ kí ìdajì irun rẹ̀ wà lára eyín, ìdajì lára erìgì, kí ẹnu irun náà kọjú sí ibi tí àwọn méjèèjì ti pàdé. Kó máa mì í díẹ̀díẹ̀ lójú kan náà ní ìgbà mẹ́wàá, kó tó sún sí eyín méjì tó kàn. Kò gbọ́dọ̀ máa gbá a síwá sẹ́yìn bí ẹni ń fọ ṣòkòtò. Odindi ẹnu gba ìṣẹ́jú méjì. Kó wo ẹ̀yìn páálí ọṣẹ ìfọyín: kí fluoride inú rẹ̀ jẹ́ 1,350 sí 1,500 ppm. Tó bá ṣe tán, kó tutọ́ ọṣẹ náà dànù, kó má fi omi ṣan ẹnu.

Tí ó bá ń ṣẹ̀jẹ̀, ibẹ̀ gan-an ni kó túbọ̀ fọ̀. Gbogbo èèyàn ló máa ń sá fún ibi tó ń ṣẹ̀jẹ̀, ìdọ̀tí á wá rí ilé kọ́ síbẹ̀.

Pákò kò burú o. Pákò Ìjẹ̀bú àti orín àtà ti ń fọ ẹnu kí búrọ́ọ̀ṣì tó dé, ẹni tó sì mọ̀ ọ́n jẹ á rí i pé iwájú eyín mọ́. Ibi tí kò lè dé ni àárín eyín méjì àti ẹ̀yìn eyín ìsàlẹ̀ níwájú, níbi tí ahọ́n ti ń kàn án. Ibẹ̀ gan-an ni òkúta eyín ti máa ń yára gan, torí ojú ìsun itọ́ wà lábẹ́ ahọ́n, ohun tó ń sọ ìdọ̀tí rírọ̀ di òkúta sì wà nínú itọ́. Ìdọ̀tí rírọ̀ lè bẹ̀rẹ̀ sí í gan láàárín ọjọ́ mélòó kan. Ẹ gbé dígí kékeré sí ẹ̀yìn eyín ìsàlẹ̀ màmá, ẹ ó rí i: ó pọ́n rúsúrúsú, ó lẹ̀ mọ́ eyín bí ìdọ̀tí omi kànga tó gan sí ìdí ìkòkò. Àwọn eyín tí ẹ ní wọ́n ń mì yẹn, àwọn ni.

Àárín eyín fẹ́ búrọ́ọ̀ṣì kékeré tirẹ̀, èyí tó dà bí ohun tí wọ́n fi ń nu inú ìgò, ṣùgbọ́n tó kéré débi pé okùn irin àárín rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ bí abẹ́rẹ́. Wọ́n ń ta á ní oríṣiríṣi ìwọ̀n, láti bíi mìlímítà 0.4 lọ sókè. Èyí tó bá wọlé tó fún díẹ̀, tí a kò sì ní láti fi agbára tì, ni ìwọ̀n ibẹ̀. Àlàfo iwájú lè gba 0.45, kí tẹ̀yìn gba 0.8, nítorí náà ó lè nílò méjì. Ẹ̀ẹ̀kan lóòjọ́ tó. Igi ìtayín kò lè rọ́pò rẹ̀, ó ń gún erìgì, ègé rẹ̀ tó kán sì ń kù sínú erìgì nígbà mìíràn.

Omi iyọ̀ lílọ́wọ́ọ́wọ́, ìdajì ṣíbí ìmumi tíì nínú ife omi kan, ń tu erìgì lára, kò wò ó sàn. Chlorhexidine 0.2%, omi ìfọnu tó ń pa kòkòrò, lágbára ju ìyẹn lọ: mìlílítà 10, ìṣẹ́jú kan, lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́, kó sì tó ọgbọ̀n ìṣẹ́jú sí ìgbà tó lo ọṣẹ ìfọyín, torí ọṣẹ ń dín agbára rẹ̀ kù. Kó má lò ó ju ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́rin lọ láìjẹ́ pé dókítà ní kó lò ó. Ó ń sọ eyín di àwọ̀ ilẹ̀, ó ń yí adùn ẹnu padà. Tí màmá bá ń jẹ obì tàbí tó ń mu tíì nígbà tó ń lò ó, àwọ̀ náà á tètè mú.

Onímọ̀Erìgì_Ifẹ̀

Ẹ̀gbọ́n mi tó béèrè, ẹ jẹ́ kí n fi ọ̀rọ̀ ọmọ yẹn ṣáájú, torí ó bà mí lẹ́rù ju ti màmá lọ.

Èjí tí Ọlọ́run dá máa ń wà láti ìgbà tí eyín iwájú tó rọ́pò eyín wàrà ti yọ, bí ọmọ bá ti ń tó ọdún 7 tàbí 8. Kì í fẹ̀ sí i lẹ́yìn náà. Èjí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ ní ọdún 14 tàbí 15 kì í ṣe èjí. Eyín ló ń sún kúrò ní ipò rẹ̀. Ìṣòro erìgì kan wà tó máa ń mú àwọn ọ̀dọ́ tí ó ti ń jẹ eegun yíká eyín kí wọ́n tó pé ogún ọdún. Eyín iwájú àti eyín ńlá àkọ́kọ́ tó máa ń yọ ní ọdún 6, àwọn yẹn ló ń kọlù. Ó wọ́pọ̀ láàárín àwọn ọmọ Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà àti Àríwá Áfíríkà ju àwọn ẹ̀yà mìíràn lọ, wọ́n sì ti rí i pé irú bakitéríà kan tí wọ́n ń pè ní JP2 wà lẹ́nu púpọ̀ nínú wọn. Ó burú ní ti pé ẹnu ọmọ náà lè mọ́ bí ẹ ṣe sọ ọ́ gan-an, kí erìgì máà fi bẹ́ẹ̀ wú, kí òkúta eyín má sí, tí eegun á sì ti lọ dé ìdajì gbòǹgbò. Àwọn tó bá rí èjí nìkan ń kí i kú oríire.

Kí ó lọ kí wọ́n wọn àpò erìgì yíká eyín iwájú mẹ́rin lókè, mẹ́rin nísàlẹ̀, àti eyín ńlá àkọ́kọ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Kí wọ́n ya fọ́tò X-ray eyín ńlá yẹn. Tó bá jẹ́ òun ni, eegun á jẹ wọlé bí kòtò tó tẹ̀ síta ní ẹ̀gbẹ́ gbòǹgbò, ó máa ń rí bákan náà lápá ọ̀tún àti lápá òsì. Kí àwọn ọmọ ìyá rẹ̀ náà wá, torí ó máa ń rìn nínú ẹbí. Nínú irú àìsàn yìí, oògùn apakòkòrò tí a bá fún un pọ̀ mọ́ fífọ abẹ́ erìgì ń ṣèrànwọ́ gan-an, àmọ́ dókítà ló máa sọ èyí tó yẹ àti iye rẹ̀. Lílo oògùn láìfọ abẹ́ erìgì, ẹ ti ka ohun tí dókítà Mọ́kọ́lá sọ nípa rẹ̀. Tó bá yá, tí eyín bá ti dúró, wọ́n lè fi wáyà so ó padà, kì í ṣe kí ó tó dúró.

Ó kan màmá wàyí. Wíwú roboto láàárín eyín iwájú yẹn jọ iṣẹ́ amlodipine. Nifedipine, phenytoin tí àwọn oní wárápá ń lò, àti ciclosporin tí wọ́n ń fún ẹni tí wọ́n pààrọ̀ kíndìnrín fún, gbogbo wọn lè mú kí erìgì hù. Kì í ṣe gbogbo ẹni tó lò ó ló ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún, ìdọ̀tí ẹnu sì ń fún un lágbára. Kí màmá má dá amlodipine náà dúró fúnra rẹ̀ o! Ẹ̀jẹ̀ ríru tó bá ga lójijì léwu ju erìgì lọ. Kí ẹ gbé ọ̀rọ̀ náà lọ bá dókítà tó kọ ọ́ fún un, kí ẹ béèrè bóyá ó lè fi oògùn ẹ̀yà mìíràn rọ́pò rẹ̀. Kó má fi nifedipine rọ́pò rẹ̀, ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n. Tí wọ́n bá pààrọ̀ rẹ̀, tí a sì fọ abẹ́ erìgì, erìgì náà máa ń súnkì padà láàárín oṣù mélòó kan. Èyí tó bá kù la máa ń gé.

HbA1c 8.9% náà wà lára ẹjọ́. Ìtọ̀ ṣúgà tí kò rọ̀ ń sọ erìgì di aláìlágbára láti ja kòkòrò, erìgì tó ń wú náà ń jẹ́ kí ṣúgà ṣòro láti kápá. Tí a bá tọ́jú erìgì dáadáa, HbA1c máa ń lọ sílẹ̀ bíi 0.4 láàárín oṣù mẹ́ta sí mẹ́rin, ó sì tó nǹkan. Ẹ sọ fún dókítà ìtọ̀ ṣúgà rẹ̀ pé ó ń gba ìtọ́jú erìgì.

Ohun tí a máa ṣe fún un nìyí. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, a óò wọn eyín kọ̀ọ̀kan níbi mẹ́fà. Ẹni tó ní eyín 28, nọ́ńbà 168 nìyẹn, ẹnìkan á máa pè é, ẹnìkejì á máa kọ ọ́. A óò wo bí eyín ṣe ń mì, a óò sì ya X-ray ká lè mọ bí eegun ṣe kù. Kò sí ohun tó ń dunni nínú ìyẹn ju kó ta díẹ̀ lọ. Lẹ́yìn náà ni fífọ abẹ́ erìgì. A óò gún un ní abẹ́rẹ́ tí kò ní jẹ́ kó mọ ìrora, a óò sì ha òkúta kúrò lára gbòǹgbò títí ara rẹ̀ á fi dán. Ó lè gba ìpàdé méjì sí mẹ́rin, apá kan ẹnu lọ́jọ́ kan. Kí màmá jẹun kó sì lo oògùn ṣúgà rẹ̀ bó ṣe ń lò ó, kó tó wá. Òwúrọ̀ ló dára jù.

Bí oṣù mẹ́ta bá pé, a tún wọ̀n ọ́n. Kò yẹ ká wọ̀n ọ́n kí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tó pé, torí erìgì ṣì ń lẹ̀ mọ́ eyín lọ́wọ́, irin lè já a. Ibi tó bá lọ sílẹ̀ dé 4 tí kò sì ṣẹ̀jẹ̀, a fi sílẹ̀. Ibi tó bá ṣì jẹ́ 6, ìyẹn la máa ń ṣí: a óò la erìgì, a óò ká a sẹ́gbẹ̀ẹ́ bí ẹni ṣí ìwé, a óò rí gbòǹgbò náà lójú korojú, a ó fọ̀ ọ́, a ó sì rán an padà. Níbi tí kòtò eegun bá jìn tó sì dín, a lè fi ohun tí eegun lè hù mọ́ síbẹ̀. Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀, oṣù mẹ́ta mẹ́ta ni kó máa padà wá. Ẹni tí kò padà wá, àpò náà á jìn padà. Ohun tí mo ń rí jù nìyẹn, ó sì ń dun mí, torí ó ti ná owó tán kí ó tó pa á tì.

Tó bá ń mu sìgá tàbí tó ń fa áṣáà, kó sọ ọ́ fún wa láìtijú. Sìgá ń fún iṣan ẹ̀jẹ̀ pọ̀, erìgì lè máà ṣẹ̀jẹ̀ rárá kí eegun sì ti lọ, ó sì ń dín bí ìtọ́jú ṣe ń mú kù.

ỌmọÌyáÒṣogbo

Ẹ ṣeun púpọ̀, ẹ̀yin dókítà. Ọ̀rọ̀ èjí yẹn bá mi lójijì, mo ti sọ fún ìyá ọmọ náà. Ohun kan ṣẹ́kù: màmá ní òun kò ní jẹ́ kí wọ́n fọ eyín òun mọ́, pé fífọ tí wọ́n fọ̀ ọ́ ló jẹ́ kó máa mì. Ọ̀pọ̀ èèyàn ládùúgbò ló ń sọ bẹ́ẹ̀ náà. Kí ni kí n sọ fún un?

Olùtọ́júEyín_Abẹ́òkúta

Ẹ má bá a jiyàn, ohun tó rí ló sọ. Ẹ kàn sọ ìdí rẹ̀ fún un. Odi tó ti fẹ́ wó, tí amọ̀ tó gan dí gbogbo ìdí rẹ̀ tí kò jẹ́ kó mì, tí ẹ bá gbẹ́ amọ̀ náà kúrò, ẹ ó rí i pé odi náà ń mì. Ṣé gbígbẹ́ ló dá a sílẹ̀? Òkúta eyín ń so àwọn eyín náà pọ̀ mọ́ra, eegun abẹ́ rẹ̀ ti lọ tipẹ́. Òkúta náà tó bá tún wà níbẹ̀ á máa jẹ eegun tó ṣẹ́kù ni.

Nǹkan mẹ́ta ló sì máa tún ṣẹlẹ̀, ẹ sọ wọ́n fún un ṣáájú kó má bàa gbà pé wọ́n bà á jẹ́. Omi tútù á máa ta á fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀, torí gbòǹgbò ti jáde síta. Ọṣẹ ìfọyín ti eyín tó ń ta, tó bá fi ìka pa á sára eyín, á ràn án lọ́wọ́. Àlàfo á hàn láàárín eyín, torí erìgì tó wú ló dí i tẹ́lẹ̀. Eyín á sì dà bí ẹni pé ó gùn. Ìyẹn ni pé wíwú ti lọ. Àwọn eyín tó ń mì díẹ̀ máa ń le padà tí wíwú bá ti rọlẹ̀, àmọ́ èyí tó ń mì sókè sódò bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́, ó ṣòro kó dúró.

Nọ́ọ̀sìEyín_Peckham

Fún àwọn ẹbí wa tó wà ní England: nọ́ńbà 0 sí 4 tí dókítà Mọ́kọ́lá sọ yẹn ni wọ́n ń kọ sínú fáìlì yín lábẹ́ orúkọ BPE. Ẹ ní ẹ̀tọ́ láti béèrè rẹ̀. Fífọ abẹ́ erìgì lábẹ́ NHS, ètò ìlera ìjọba, wà nínú Band 2 (ìpele owó kejì), owó kan náà sì ni fún gbogbo ìpàdé tó bá wà nínú ìtọ́jú kan ṣoṣo. Ẹni tí kò tíì pé 18, aláboyún, àti ìyá tó bímọ láàárín oṣù 12 kò ní sanwó. Tí ẹ bá fẹ́ rí onímọ̀ fúnra yín, ẹ wo orúkọ rẹ̀ lórí ìkànnì GDC, àjọ tó ń forúkọ àwọn dókítà eyín sílẹ̀, lábẹ́ Periodontics (iṣẹ́ erìgì). Ẹni tó kàn kọ ọ́ sára ògiri pé òun nífẹ̀ẹ́ sí iṣẹ́ erìgì kì í ṣe onímọ̀ tó wà nínú àkọsílẹ̀ yẹn.

Aláboyún, ẹ má sọ pé ẹ máa dúró títí ẹ ó fi bímọ. Omi ara (hormone) tó ń yí padà nínú oyún máa ń mú erìgì wú kíákíá. Oṣù kẹrin sí ìkẹfà ló rọrùn jù láti fọ̀ ọ́.

Nọ́ọ̀sì_Ìlọrin

Ẹ jẹ́ kí n fi àwọn tí kò gbọ́dọ̀ dúró de ọjọ́ ìpàdé kún un. Wíwú tó bá sọ̀ kalẹ̀ sí abẹ́ àgbọ̀n tàbí ọrùn, tí ẹnu kò fẹ́ là, tí gbígbé itọ́ mì tàbí mímí ń ṣòro: ilé ìwòsàn ńlá lọ́jọ́ náà, lóru pàápàá. Erìgì tó wú kárí ẹnu tó ń ṣẹ̀jẹ̀ lójú oorun, tí ara ẹni náà sì rẹ̀, tó ń gbóná, tó ń ní ojú ọgbẹ́ láìṣe nǹkan kan: kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò kíá, torí àrùn jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ lè bẹ̀rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Àti ọmọ kékeré tí kò jẹun kánú, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbádùn nínú èèyi (measles) tàbí ibà, tí erìgì rẹ̀ wá ní egbò dúdú tàbí eléérú tó ń rùn: noma nìyẹn lè jẹ́, ó ń jẹ ẹ̀rẹ̀kẹ́ ní ọjọ́ mélòó kan. Tí wọ́n bá tètè gbé e dé, oògùn apakòkòrò àti oúnjẹ tó dára ń dá a dúró. Ìparí 2023 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé fi í sí ara àwọn àrùn ilẹ̀ olóoru tí wọ́n ti pa tì, ilé ìwòsàn tirẹ̀ sì wà ní Sókótó.

ỌmọÌyáÒṣogbo

Màmá ti gbà láti lọ. Kí la máa mú dání, àti pé ta la máa béèrè tí a bá dé ilé ìwòsàn ńlá?

Onímọ̀Erìgì_Ifẹ̀

Ẹ mú páálí gbogbo oògùn tó ń lò wá, ẹ má kàn pe orúkọ rẹ̀. Tí aspirin tàbí warfarin, àwọn oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ tètè dì, bá wà nínú rẹ̀, ẹ sọ ọ́ ní ẹnu ọ̀nà, kí ó má sì dá a dúró fúnra rẹ̀. Ẹ mú ìwé HbA1c tí kò ju oṣù mẹ́ta lọ, ìwọ̀n ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀, àti X-ray eyín àtijọ́ tó bá wà, torí tí a bá fi ti àtijọ́ wé ti ìsinsìnyí la fi ń mọ bí eegun ṣe ń yára lọ tó.

Ní UCH Ìbàdàn, ẹ béèrè Periodontology and Community Dentistry. Ní LUTH l'Èkó àti ní Ifẹ̀ níbí, abẹ́ Preventive Dentistry ni iṣẹ́ erìgì wà, orúkọ yẹn kì í sì í jẹ́ kí èèyàn mọ̀ pé ibẹ̀ ló ń wá. Tí ẹ bá kàn sọ pé eyín ń mì, wọ́n lè fi yín ránṣẹ́ sí ibi tí wọ́n ti ń yọ eyín. Ẹ sọ pé erìgì ni, pé ẹ fẹ́ kí wọ́n wọn àpò rẹ̀ kí wọ́n tó yọ ohunkóhun.

Kí ọmọ náà bá màmá lọ lọ́jọ́ kan náà, kí wọ́n ṣe káàdì tirẹ̀ lọ́tọ̀.